Ṣé abẹ́rẹ́ stem cell lè tún orúnkún Màmá ṣe?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí orúnkún méjèèjì ti ń dùn wọ́n, tọ̀tún ló le jù. Wọn ò lè kúnlẹ̀ mọ́, àtẹ̀gùn ilé sì ti di ogun sí wọn lọ́rùn. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní osteoarthritis ni, ìyẹn làkúrègbé orúnkún, pé ó ti dé ipele kẹta, pé tó bá yá wọ́n lè ní láti pààrọ̀ orúnkún. Màmá ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan àwọn. Àbúrò mi tó wà ní Houston wá rí ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ stem cell, wọ́n ní yóò hu eegun rírọ̀ tuntun. A ti ń sọ ọ́ pé ká ta ilẹ̀ kan. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tún ń ta stem cell oníyẹ̀fun fún wọn, èyí tí wọ́n ń dà sábẹ́ ahọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn. Mo fi èyí ṣáájú kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, torí mo ti rí àwọn ọmọ tó ta ilẹ̀ tán kí wọ́n tó wá bi mí, tí mi ò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tù wọ́n nínú. Abẹ́rẹ́ tí àbúrò yín rí yìí lè mú kí ìrora rọlẹ̀ fún àwọn kan, fún ìwọ̀nba ìgbà. Ṣùgbọ́n ìlérí tó wọ̀ yín lójú jù, pé yóò hu eegun rírọ̀ tuntun sínú orúnkún tó ti jẹ, kò sí ẹ̀rí tó múná dóko lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá ń fọ bọ̀kọ́tọ̀. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, orí eegun náà á funfun, á máa dán, ọwọ́ á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó ń dán yẹn ni eegun rírọ̀, òun ni àwa dókítà ń pè ní cartilage. Nínú orúnkún èèyàn, mìlímítà díẹ̀ péré ni ó nípọn, síbẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí eegun itan máa yí lórí eegun ojúgun láìha ara wọn. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni pé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé yín níka, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun àtúnṣe wá síbẹ̀, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ojú ọgbẹ́ ti di. Eegun rírọ̀ kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, nítorí náà bó bá ti jẹ, kì í lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Kì í sì í ṣe eegun rírọ̀ nìkan ló ń bàjẹ́ nínú làkúrègbé orúnkún. Eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á le, á hu ìwo kéékèèké létí. Awọ tó bo inú oríkèé á wú, omi á kún ibẹ̀. Ẹran iwájú itan á joro, torí ẹsẹ̀ tó ń dunni la kì í fẹ́ tẹ̀. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní ẹnì kan rí eegun rírọ̀ tuntun gbìn lónìí, inú ilé tó ti ń jò ni yóò gbìn ín sí.

Kí Màmá má rò pé àwọn nìkan ló ń ṣe. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn ti lọ sí Igbó-Ọrà rí, wọ́n yẹ àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè wò, wọ́n sì bá àìsàn orúnkún yìí lára nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Ọjà tó fẹ̀ ni fún ẹni tó bá ní nǹkan láti tà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí stem cell gan-an. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ ni. Ó lè bí irú ara rẹ̀, ó sì lè bí sẹ́ẹ̀lì tó níṣẹ́ pàtó tó ń ṣe nínú ara. Iṣẹ́ gidi wà tí à ń fi í ṣe. Ní 2011, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n gbin stem cell inú mùdùnmúdùn eegun sára aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun ìwúrí ni, mo sì ń fi yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbìn síbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Orúkọ rere tó jẹ yọ níbẹ̀ ni àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ orúnkún yá wọ̀, bẹ́ẹ̀ irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni tiwọn.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sábà ń rí tiwọn. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gọgọrọ fà á láti inú mùdùnmúdùn eegun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n lè fà á nínú ọ̀rá ikùn. Wọ́n sì lè mú un láti ara ìwọ́ ọmọ tuntun ẹlòmíràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì 100,000 tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun àgbàlagbà, irú èyí tí à ń wá kì í ju ẹyọ kan sí mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fà á lọ́wọ́ kan tí wọ́n sì gún un padà lọ́jọ́ kan náà, nǹkan mìíràn ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọ orúnkún.

Arnold Caplan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó sọ irú sẹ́ẹ̀lì yìí ní mesenchymal stem cell ní 1991, òun náà ló tún kọ̀wé ní 2017 pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Ó ní orúkọ yẹn ń ṣi àwọn aláìsàn lọ́nà, torí pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í di ẹran ara tuntun níbi tí wọ́n gún un sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú èròjà jáde tó ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá níbẹ̀, tó ń pẹ̀tù sí wíwú. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ló ní kí a má fi pè é mọ́, àwọn ọlọ́jà sì kọ̀, wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí àwọn kan gbà á tí ara wọn yá? Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni lónírọ́. Níbí yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ jù. Ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn kan ní Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà mú èèyàn 25 tí orúnkún méjèèjì ń dùn. Wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun wọn sí orúnkún kan, wọ́n gún omi iyọ̀ lásán sí èkejì, aláìsàn ò mọ èwo ni èwo. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: orúnkún méjèèjì ló fúyẹ́, ìkan ò ju ìkejì lọ. Omi iyọ̀, Ìyá Ìbejì! Ara ẹnì kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìdí ni pé ìrora orúnkún a máa lọ, a máa bọ̀. Ìgbà tó bá le jù lọ lèèyàn ń wá abẹ́rẹ́ kiri, kò sì sí ohun tí wọ́n fún un lásìkò yẹn tí kò ní dà bíi pé òun ló mú un rọ̀. Ìrètí fúnra rẹ̀ náà sì ń mú ara fúyẹ́, kì í ṣe ẹ̀tàn, bí ọpọlọ ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìrora nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù jáde ní 2023, nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine. Èèyàn 475 ni wọ́n ka èsì wọn. Àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun, àwọn kan gba ti ọ̀rá, àwọn kan gba ti ìwọ́ ọmọ, àwọn ìyókù gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pẹ̀tù sí wíwú, èyí tó ti wà lọ́jà tipẹ́ tí kò sì wọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìkankan nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mú ìrora dín kù ju sítẹ́rọ́ìdì lọ. Wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ya orúnkún wọn, eegun rírọ̀ kò hù. Ní 2025, àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó ìwádìí jọ kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n, kó 25 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà lè fi díẹ̀ dín ìrora kù, nǹkan bíi máàkì kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára. Máàkì kan nínú mẹ́wàá kì í ṣe òfo fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Ṣé ó tó ilẹ̀ tà?

Ìwádìí ṣì ń lọ, mi ò sì sọ pé sáyẹ́ǹsì yìí ò ní dé ibì kankan. Ní Kòríà Gúúsù, láti 2012 ni ìjọba ti fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Cartistem, láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń fi í síbẹ̀: wọ́n á ṣí orúnkún, wọ́n á lu eegun ní ihò kéékèèké, wọ́n á wá tò ó sínú rẹ̀. Ọ̀bẹ tí Màmá ń sá fún náà nìyẹn.

Ẹ sọ fún àbúrò yín ní Houston pé FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí stem cell kankan fún orúnkún. Bó ti wù kí yàrá ìgbàlejò wọn dára tó, ìyẹn ò yí i padà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, ẹnì kan pe ilé ìwòsàn 273 ní Amẹ́ríkà bíi pé òun jẹ́ aláìsàn orúnkún. Nínú àwọn tó dá iye lé e, àròpín owó abẹ́rẹ́ orúnkún kan jẹ́ 5,156 dọ́là. Nínú àwọn tó sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí, àròpín ìlérí wọn ni pé 82 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò gbádùn. Ẹ fi èyí wé máàkì kan nínú mẹ́wàá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Owó nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2018 kan náà, ní Texas tí àbúrò yín wà, ní Florida àti ní Arizona, èèyàn méjìlá dé ilé ìwòsàn nítorí kòkòrò àrùn tó wọ̀ wọ́n lára lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ohun tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ. Èmi fúnra mi ti fa ọyún jáde nínú orúnkún ìyá kan tó gba irú abẹ́rẹ́ yìí níbì kan. Orúnkún náà gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀, ìyá ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fà jáde ṣù, ó rí bí ẹ̀kọ ògì tó ti tutù. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, orúnkún náà ò sì ká dáadáa mọ́. Ara orúnkún bí ilé aláìníhò ni. Kòkòrò tó bá wọlé, kì í rọrùn láti lé jáde.

Ti oníyẹ̀fun ò gba àkókò púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun alààyè, inú òtútù líle ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kó má bàa kú. Ìyẹ̀fun tó wà nínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, tó gun ọkọ̀ dé Òṣogbo nínú oòrùn, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó wà láàyè nínú rẹ̀, bó bá sì wà, ikùn á dà á bó ṣe ń da oúnjẹ. Àwọn tí mo ti ka ara páálí wọn, omi ara ápù àti gírépù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ bá mi bi Màmá jẹ́jẹ́, láìbá wọn jà, bóyá ẹni tó ń tà á sọ pé kí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, bí wọ́n bá ń lò ó. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Mo ti rí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù nítorí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Kí ni ká wá ṣe? Ohun tó ṣiṣẹ́ jù kò ní orúkọ ńlá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wu èèyàn. Ẹran iwájú itan ló ń gbé orúnkún dúró. Kí Màmá jókòó sórí àga tó ga díẹ̀, kí ẹ̀yìn wọn gún. Kí wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú gbọọrọ, kí wọ́n fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn, kí wọ́n ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí wọ́n wá rọra gbé e sílẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n bọ́ sórí èkejì, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé iwájú itan wọn bí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ó rí i bí ẹran ibẹ̀ ṣe ń le. Bó bá ti rọrùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rọ iyọ̀ ìlàjì kílò sínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n máa bá a lọ. Ìyá tèmi náà ṣe é. Oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ń bínú sí mi pé mo ń fìyà jẹ àwọn. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, wọ́n sì pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ẹ bá wọn wá físíò tó mọṣẹ́ tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà, torí ìdánìkanṣe a máa súni.

Bí Màmá bá sanra, bíbọ́ kílò díẹ̀ á ṣe wọ́n lóore ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé kílò kan tó bá bọ́ lára, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò nínú ẹrù tó ń wọ orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì fi ọwọ́ òsì mú un, torí ọ̀tún ló ń dùn jù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn mú ọ̀pá, ẹrù náà ò sì ní fúyẹ́. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó lágbára ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìjókòó orí àpótí kúkúrú nídìí ààrò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Àdúrà sì ń gbà lórí àga. Ó ń dun ọ̀pọ̀ ìyá pé àwọn ò lè kúnlẹ̀ kí èèyàn mọ́, mo mọ̀, ó máa ń dà bíi pé ìwà ọmọlúàbí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ̀yin ọmọ máa sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti oògùn, diclofenac onípara tí wọ́n ń fi ra orúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, torí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oníhóró rẹ̀ àti ibuprofen lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, nítorí náà Màmá ò gbọ́dọ̀ máa rà á jẹ fúnra wọn. Àgbo làkúrègbé tó bá ń ṣiṣẹ́ bí idán, tí ìrora á lọ láàárín wákàtí kan, ẹ fura sí i; wọ́n máa ń lọ prednisolone tàbí dexamethasone, tí wọ́n jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, mọ́ irú rẹ̀. Bí orúnkún bá wú gan-an, dókítà lè gún sítẹ́rọ́ìdì sí i lẹ́ẹ̀kan, yóò tù wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó má di oṣooṣù, nítorí wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé bí wọ́n bá ń gún un léraléra fún ọdún méjì, eegun rírọ̀ ń tinrin sí i.

Ipele kẹta tí dókítà sọ, fọ́tò eegun ni wọ́n fi ń ka ìyẹn, ipele kẹrin ló kẹ́yìn. Kì í ṣe fọ́tò ló ń pinnu iṣẹ́ abẹ. Mo ní aláìsàn tí fọ́tò rẹ̀ burú tó sì ń lọ sí oko. Bí Màmá bá ti ṣe eré ìdárayá yìí dáadáa fún oṣù mélòó kan, tí ìrora ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn, tí wọn ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, ìgbà yẹn ni kí ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ orúnkún. Nínú orúnkún àtọwọ́dá 100, nǹkan bí 82 ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25, gẹ́gẹ́ bí àkójọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ṣe fi hàn. Ó ní ewu tirẹ̀, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ tó sì ṣe é ni ìkúnlẹ̀ kò rọ̀ lọ́rùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi èyí pa mọ́ fún Màmá. Ohun tí mo ti rí ni pé ẹ̀rù ọ̀bẹ a máa dínkù nígbà tí ìyá bá bá ìyá mìíràn tó ti ṣe é sọ̀rọ̀, kì í ṣe nígbà tí dókítà bá ń rọ̀ wọ́n.

Bí ẹbí bá ṣì fẹ́ lọ síbi abẹ́rẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti rí sẹ́ẹ̀lì náà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní kòkòrò, ìwé NAFDAC rẹ̀ dà, ta ni yóò tọ́jú Màmá bí orúnkún bá kún fún ọyún? Bí wọ́n bá ní ìwádìí ni àwọn ń ṣe, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo aláìsàn hàn yín, kí ẹ sì bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí.

Owó tí ẹ ti fẹ́ dá jọ yẹn, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ san físíò oṣù mẹ́ta, ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ kó bẹ́ẹ̀dì Màmá sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Kí ẹ sì tún orúnkún méjèèjì yà, kí wọ́n yà á lórí ìdúró, torí fọ́tò orí ìdùbúlẹ̀ kì í jẹ́ ká rí bí àlàfo inú orúnkún ṣe ṣẹ́kù tó. Ẹ gbé e dání lọ bá dókítà eegun, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí Màmá ń lò, títí kan ìyẹ̀fun yẹn.